Nígbà tí Abẹ Ń Dúró De Orin: Èrò Mi Lórí Sweeney Todd

Ìgbà tí mo ti jáde kúrò ní ilé sinimá, tí mo sì ti rìn díẹ̀, ni mo tó fura pé mo ń fi imú kọ orin kan. Orin náà dùn, ó yá mọ́ni, ó sì jẹ́ irú èyí tí ẹsẹ̀ máa ń bá lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí ohun tí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ń sọ: onígbàjámọ̀ kan àti obìnrin kan tí ń ta mítì-páì dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn tí ń kọjá lọ ní títì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rín ṣírò bí ẹran ara olúkúlùkù yóò ṣe dùn tó bí wọ́n bá fi sínú páì. Ojú tì mí. Mo pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n orin náà kò jìnnà. Kò pẹ́ tí ó tún fi yọjú.

Fíìmù tí mò ń sọ yìí ni Sweeney Todd: The Demon Barber of Fleet Street, tí Tim Burton darí, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Johnny Depp ni onígbàjámọ̀, Helena Bonham Carter ni Mrs. Lovett tí ń ta mítì-páì, Alan Rickman sì ni Adájọ́ Turpin. Stephen Sondheim ló ni orin àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orí ìtàgé Broadway ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1979, níbi tí ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ Tony mẹ́jọ, kí ó tó di ohun tí a ń wò nínú sinimá. Mo ti wo fíìmù náà rí nínú ilé, lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré, níbi tí ènìyàn ti lè dá a dúró kí ó lọ bu omi mu nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń le. Ilé sinimá kò gba irú ìyẹn. Òkùnkùn bo gbogbo wa, orin ń tú jáde láti iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀fun tí abẹ ń là sì ga ju ilẹ̀kùn ilé lọ.

Kí ìdajì wákàtí tó pé, àwọn méjì tí wọ́n jókòó níwájú mi ti dìde lọ. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló lé wọn, nítorí pé yàtọ̀ sí èyí tí ń kán tó-tó-tó nínú àwòrán ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò tíì pa ẹnikẹ́ni. Orin ló lé wọn. Mo gbọ́ tí ọ̀kan bi èkejì bóyá báyìí ni wọn yóò máa kọrin títí di òpin. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀: nígbà tí fíìmù yìí kọ́kọ́ jáde, ìpolówó rẹ̀ fi abẹ, òkùnkùn àti ojú Johnny Depp hàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún ni ó fi hàn nínú orin, bẹ́ẹ̀ ó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, kí ó ti ilé mọ̀ pé orin ni òun ń lọ gbọ́.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Ní London, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, onígbàjámọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Benjamin Barker, ó ní ìyàwó arẹwà àti ọmọbìnrin jòjòló. Ojú Adájọ́ Turpin wọ ìyàwó náà, ó gbé ẹ̀sùn èké kọ́ ọkọ lọ́rùn, ó sì dájọ́ pé kí wọ́n gbé e sọdá òkun lọ sí Ọsirélíà, kí ó má padà mọ́. (Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ: láàárín 1788 sí 1868, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ẹlẹ́wọ̀n tí ó lé ní 160,000 lọ sí ilẹ̀ náà, àwọn mìíràn nítorí olè tí kò tó nǹkan.) Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú orúkọ tuntun, Sweeney Todd, pẹ̀lú ìlà irun funfun kan ní orí, àti ojú tí ó dà bí ẹni pé kò tíì sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ. Mrs. Lovett, tí ilé oúnjẹ rẹ̀ wà lábẹ́ yàrá tí Barker ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Fleet Street, sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ gbé májèlé jẹ, àti pé adájọ́ ló ń tọ́ ọmọ rẹ̀, Johanna. Ó tún gbé àwọn abẹ rẹ̀ tí ó ní èèkù fàdákà jáde láti abẹ́ pákó ilẹ̀, níbi tí ó ti fi wọ́n pamọ́ fún un láti ọdún wọ̀nyí wá. Ibi tí ẹ̀san ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àṣírí kan wà nínú ìtàn náà tí n kò ní tú, nítorí ẹni tí kò tíì wò ó.

Ọkùnrin yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ará London. Inú ìtàn olówó pọ́ọ́kú kan, The String of Pearls, tí wọ́n ń tẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín 1846 sí 1847, ni ó ti kọ́kọ́ yọjú, kò sì sí ẹ̀rí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ayé rí. Nínú ìtàn àtijọ́ yẹn, ohun tí ó wà nínú àpò oníbàárà ló ń pa oníbàárà: olè ni Todd, owó ló ń wá. Christopher Bond ló kọ eré kan ní àwọn ọdún 1970 tí ó fún un ní ìdí, tí ó fún un ní ìyàwó tí wọ́n gbà, ọmọ tí wọ́n gbà, àti adájọ́ tí ó gbà wọ́n. Orí eré yẹn ni Sondheim gbé orin rẹ̀ lé. Mo rò pé ìyípadà yẹn ni ó sọ ìtàn náà di ohun tí ó léwu. Apànìyàn olójúkòkòrò kò lè tan ẹnikẹ́ni. A ó kórìíra rẹ̀, a ó sì lọ sùn. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọni lára, tí a fi ń bá a fẹ́ ẹ̀san rẹ̀, tí ó bá sì di ìgbà tí ẹ̀san náà kọjá ààlà, ọwọ́ wa ti wà nínú rẹ̀.

Ìlú London tí Burton fi hàn wá kò ní oòrùn. Àwọ̀ eérú ni ilé, àwọ̀ eérú ni ọ̀run, awọ ara àwọn ènìyàn funfun bí ẹfun, ojú wọn sì kó wọnú bí ojú ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Dante Ferretti àti Francesca Lo Schiavo, tí wọ́n ṣètò ilé àti ọ̀ṣọ́ inú fíìmù náà, gba Oscar fún iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ sí wọn, nítorí pé kò sí ògiri kan nínú rẹ̀ tí kò dà bí ẹni pé ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Inú ìlú tí ó ti ṣá báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, pupa fòò bí ọ̀dà tuntun, ó ń tú pẹ̀lú agbára tí ẹ̀jẹ̀ gidi kò ní. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ta gìrì lórí àga. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti ń rí i bí àwọ̀ lásán, bí ẹni pé gbogbo ìlú náà ti gbẹ tán, tí ó jẹ́ pé inú ọrùn ènìyàn nìkan ni àwọ̀ ṣẹ́ kù sí. Ògún tí ó lómi nílé tí ó ń fẹ̀jẹ̀ wẹ̀ ni ó wá sí mi lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò ki Todd ní oríkì. Ohun tí ó burú jù kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ̀, ìró ni. Todd ṣe àga kan sí yàrá rẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan, àga náà á dà sẹ́yìn, òkú á yọ̀ gba ihò inú pákó bọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, orí rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ba òkúta. Gbogbo ìgbà tí orí bá balẹ̀, ìró egungun yẹn máa ń gba inú àga tí mo jókòó lé kọjá. Tẹlifíṣọ̀n inú ilé kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ báyẹn rí.

Orin tí ó kọ́kọ́ gbá mi mú ni èyí tí Todd kọ sí àwọn abẹ rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tún kàn wọ́n. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ tí ó ti rìnrìn àjò dé sọ̀rọ̀. Mrs. Lovett fara tì í lẹ́yìn, òun náà ń kọ tirẹ̀, ó ń sọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ fún Todd. Orin méjèèjì bá ara wọn mu, ohùn kan wọ inú èkejì, ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wọn yóò rò pé tọkọtìyàwó ni. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí obìnrin ń sọ. Gbogbo ohun tí yóò dé bá àwọn méjèèjì ti wà nínú orin kékeré yìí, a kò kàn tíì mọ̀ ni.

Àwọn tí wọ́n mọ orin yìí láti orí ìtàgé, níbi tí Len Cariou àti Angela Lansbury ti kọ́kọ́ kọ ọ́, a máa ráhùn pé ohùn Depp àti Bonham Carter tín-ín-rín jù. Òótọ́ ni. Ohùn Depp há, ó sì ní líle kan bí ti àwọn akọrin rọ́ọ̀kì. Ti Bonham Carter fẹ́lẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ àwàdà kan tàbí méjì sọnù mọ́ àwọn ohun èlò orin lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí ìtàgé gbọ́dọ̀ kọrin dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kámẹ́rà kò béèrè irú rẹ̀. Ó sún mọ́ Depp débi pé a ń rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe ń le kí ohùn tó jáde, ó sì lè máa kọrin bí ẹni tí ń dá ronú. Mo fara mọ́ ọn ju bí mo ti rò lọ. Ohùn ńlá ì bá sọ Todd di akọni. Ohùn kékeré yìí jẹ́ kí a rí ẹni tí nǹkan ti fọ́ nínú rẹ̀. Rickman pẹ̀lú kì í ṣe akọrin, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń fa ọ̀rọ̀ bí oyin.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ìran kan ṣoṣo, èyí tí adájọ́ ti wá fá irùngbọ̀n ni. Turpin fẹ́ fi Johanna, ọmọ tí ó tọ́ dàgbà, ṣe ìyàwó, ó sì fẹ́ kí ojú òun dán. Kò mọ ẹni tí ń fá a. Ó jókòó, ó gbé orí sẹ́yìn, ó na ọrùn sílẹ̀ fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ba ayé onítọ̀hún jẹ́. Todd fi ọṣẹ ra á lójú, ó pọ́n abẹ lórí awọ, kò sì kánjú. Ó ti dúró fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fẹ́ gbádùn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Ó ń súfèé, adájọ́ ń fi imú bá a gbè é, kí a tó mọ̀, àwọn méjèèjì ti ń kọ orin kan pọ̀ nípa ẹwà àwọn obìnrin: bí wọ́n ṣe ń ya irun, bí wọ́n ṣe ń jókòó lójú fèrèsé, bí ìrántí wọn kì í ṣeé lé kúrò nígbà tí wọ́n bá ti lọ. Mo ti gbọ́ orin ìfẹ́ púpọ̀ nínú sinimá, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ẹni tí ó fẹ́ pànìyàn àti ẹni tí ó fẹ́ pa. Ọ̀kan ń rántí ìyàwó rẹ̀. Èkejì ń ro ti ọmọ tí ìyàwó yẹn kan náà bí. Abẹ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kan ọ̀fun, ó tún kúrò, nítorí pé orin kò tíì parí, Todd kò sì fẹ́ já a. Nínú ilé sinimá, ẹnikẹ́ni kò wúkọ́. Èmi pẹ̀lú ń bẹ abẹ náà, ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún: pé kí ó gé e. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí lójijì, tí ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan já wọlé, tí adájọ́ sì fi ìbínú dìde lọ, ọ̀pọ̀ wa ló kẹ́dùn sókè bí ọdẹ tí ẹran bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Ìbínú ìjákulẹ̀ yẹn ni Todd fi pinnu pé kò sí ẹni tí ikú kò tọ́ sí, olówó àti tálákà. Orin tí ó fi sọ ọ́ le ju ọ̀fun Depp lọ, ó sì fi ariwo dí ibi tí ohùn kò dé. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ sọ. Òkú kan ti wà nílẹ̀, ti Pirelli, onígbàjámọ̀ ẹlẹ́tàn tí ń ta oògùn irun tí ń rùn bí ìtọ̀. (Sacha Baron Cohen ló ṣe é, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín gan-an kí wọ́n tó pa á.) Todd fẹ́ lọ sin ín lóru. Ní ti Mrs. Lovett, ohun tí ó ń rò ni pé ẹran wọ́n, pé ọjà òun kò tà, kí ló dé tí a ó fi ohun tí ó dára báyìí ṣòfò. Kò sọ ọ́ tán tí Todd fi lóye, ojú rẹ̀ tí kò tíì tújú ká láti ìbẹ̀rẹ̀ wá yọ̀, wọ́n sì bọ́ sínú orin ijó, wọ́n ń yan ènìyàn láti ojú fèrèsé bí ẹni ń yan ẹja lọ́jà. Àlùfáà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ràn tí ó ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rín yẹn ni a rín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín gidi ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú orin náà mú, ọ̀kan ń ta sí èkejì bí ọmọ ayò. Sondheim mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ lásán gbé irú ìmọ̀ràn yẹn wá, a ó lé e jáde. Ó fi orin gbé e wá, a sì gbè é. Ẹni tí ó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un, àwa tí a jókòó sínú òkùnkùn ni a nawọ́ gba epo náà. Ìdí nìyẹn tí ojú fi tì mí ní títì.

Fíìmù náà mọ gbèsè tí a jẹ, ó sì padà wá gbà á. Nígbà tí ilé oúnjẹ Mrs. Lovett ti ń kún, tí Todd sì ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó kọ orin kan nípa Johanna, ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ní jòjòló. Orin pẹ̀lẹ́ ni, orin bàbá tí ó ti ń gbà pé bóyá òun kò ní fojú kan ọmọ òun mọ́. Bí ó ti ń kọ ọ́ ni ó ń dú ọ̀fun oníbàárà kan lẹ́yìn òmíràn, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Kò bínú sí wọn. Ó ń pa wọ́n bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Todd fá a, ó sì jẹ́ kí ó máa lọ. Àánú ọmọ náà ni tàbí nítorí ẹlẹ́rìí, fíìmù kò sọ. Láàárín orin yìí, obìnrin alágbe kan ń ké ní títì pé èéfín tí ń jáde láti ilé oúnjẹ yẹn kò dára, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ẹ̀rín ti tán nílé sinimá nígbà náà. Abẹ tí mo bẹ̀ pé kí ó gé adájọ́ ni ó ń gé àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni yìí.

Mo ní ohun tí n kò fẹ́ràn. Johanna, àti Anthony, atukọ̀ tí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí àyè mí. Wọ́n gé ipa wọn kúrú débi pé ìfẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìwojú láti ojú fèrèsé lọ, nígbà tí wọ́n sì bọ́ sínú ewu, n kò bẹ̀rù fún wọn tó bí ó ti yẹ. Lórí ìtàgé, ẹgbẹ́ akọrin kan máa ń jáde láti ké sí àwọn òǹwòran pé kí wọ́n wá gbọ́ ìtàn Sweeney Todd. Burton yọ ọ́ kúrò. Ohun èlò nìkan, dùùrù bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ní iwájú, ni ó fi ṣí fíìmù náà, àga wa sì gbọ̀n. Mo lóye ìdí rẹ̀, nítorí pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dà bí àlejò tí a kò pè níwájú kámẹ́rà, síbẹ̀ ìlú náà sọ ohùn rẹ̀ nù. Ìran tí Mrs. Lovett ti ń lá àlá pé òun àti Todd lọ gbé létí òkun nìkan ni oòrùn ti ràn dáadáa: gbogbo àwọ̀ padà wá, Todd sì jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú ojú òkú rẹ̀ kan náà. Mo rín ẹ̀rín yẹn láìsí ìtìjú.

Fíìmù náà gba ìṣẹ́jú 116, kì í sì í ṣe ti ọmọdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọlé wò ó ní sinimá. Ọmọdé kan wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, Toby, tí ó ti ń bá Pirelli ṣiṣẹ́ kí Mrs. Lovett tó gbà á sílé. Ed Sanders, ọmọdékùnrin gidi, ló ṣe é, nígbà tí ó jẹ́ pé àgbàlagbà ló ṣe é lórí ìtàgé ní 1979, ìyàtọ̀ yìí sì tóbi. Ó jókòó ti Mrs. Lovett, ó ń kọrin fún un pé kò sí ibi tí yóò ṣe é níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà nítòsí. Ó ti fura sí Todd. Kò fura sí ẹni tí ó ń kọrin fún. Kámẹ́rà dúró sí ojú Bonham Carter bí ó ti gbá ọmọ náà mọ́ra, a rí i bí ó ti ń rò ó, bí ojú rẹ̀ ti ń kún fún omi, bí ó ti pinnu. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìran yẹn, kò sí abẹ. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí yàrá ààrò, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹran, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin tí ó wà lápá òsì mi mí kanlẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin ń dín kù, igbe àti ẹ̀jẹ̀ ló ń pọ̀. Lórí ìtàgé, gbogbo wọn tún máa ń jáde wá kọrin sí òǹwòran lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, òkú àti alààyè, kí a lè rántí pé eré ni. Burton kò fún wa ní ìyẹn. Àwòrán ìkẹyìn dúró lójú wa, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kọrin mọ́. Nígbà tí iná tàn, mo rí i pé ọwọ́ mi wà lọ́rùn ara mi. Mo wo apá òsì. Ọwọ́ obìnrin náà wà lọ́rùn tirẹ̀ pẹ̀lú.